Ẹní yógà pẹlẹbẹ, àpò onísípù méjì àti báàgì lítà 40 fún àjò ìtura: èwo ló tọ́ sí owó rẹ̀?

Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tà fún ẹni tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ lọ sí àjò ìtura lókè òkun, irú èyí tí ènìyàn mẹ́jọ sí méjìlá ń jọ lọ fún bí ọ̀sẹ̀ kan láti ṣe yógà kí wọ́n sì sinmi: ẹní yógà pẹlẹbẹ tó ṣeé ká bí aṣọ, àpò onísípù méjì tó ń fún aṣọ pọ̀, àti báàgì ẹ̀yìn lítà 40. Ẹní náà tọ́ sí owó rẹ̀. Báàgì náà kò burú. Àpò onísípù méjì ni wọ́n ń pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, torí kò mú nǹkan kan kúrò nínú ohun tó ń dá àwọn ènìyàn dúró ní pápákọ̀ òfurufú. Àyè kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ tán, kílò ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: sípù kan ń ṣí ẹnu àpò, ìkejì yí i ká lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó kó aṣọ sí i, ẹ ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ ó wá fa sípù kejì, afẹ́fẹ́ á jáde, àpò á sì fẹ́lẹ́. Aṣọ òtútù àti jákẹ́ẹ̀tì tó kún fún ìyẹ́ máa ń ṣeé fún pọ̀ dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Jíǹsì àti kọ́tìnì tó ki kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ fún sí. Bó ti wù kó rí, òṣùwọ̀n kì í wojú ẹnikẹ́ni: kílò mẹ́ta aṣọ tí ẹ fún di pẹlẹbẹ, kílò mẹ́ta náà ni. Àyè tó ṣẹ́ kù yẹn gan-an ló ń fa wàhálà. Ènìyàn á rí igun tó ṣófo, á tún ki bàtà kan sí i.

Igun sípù kejì ni àpò yìí ti máa ń bàjẹ́, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sípù fa aṣọ pọ̀, sípù kò sì lágbára iṣẹ́ yẹn. Ẹ fi orúnkún tẹ àpò mọ́lẹ̀, ẹ fi ìka méjì fa etí méjèèjì pàdé níwájú sípù, kí ẹ tó máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bí eyín rẹ̀ bá ń là lẹ́yìn tí ẹ ti fà á kọjá, ẹ yọ aṣọ kan. Ẹ má kó aṣọ kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò náà. Méjì ti tó fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kan fún aṣọ mímọ́, ọ̀kan fún èyí tí ẹ ti wọ̀. Àmọ́ ẹ má fún aṣọ tí òógùn ṣì wà lára rẹ̀ pọ̀, yóò rùn débi pé fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò ní í tó o.

Ní ti báàgì, ẹ ra èyí tó ń ṣí pátápátá bí àpótí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ti orí kó ẹrù sí. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún ẹrù ọwọ́ kò jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà 55 × 40 × 20 tàbí 55 × 35 × 25, wọ́n sì ń ka okùn àti àpò ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ ọkọ̀ lọ́nà, ọkọ̀ kékeré ìkẹyìn ló sábà máa ń le jù, òfin tirẹ̀ ni kí ẹ fi di ẹrù. Kílò méje ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kílò méje yẹn. Báàgì fúnra rẹ̀ jẹ́ 1.4, àpò méjì 0.2, ẹní 1.2. Ó ku 4.2. Ṣòkòtò yógà mẹ́rin jẹ́ 0.8, ẹ̀wù márùn-ún 0.75, aṣọ òtútù kan 0.4, ṣòkòtò alẹ́ kan 0.35, aṣọ abẹ́ 0.3, sálúbàtà 0.4, ohun ìwẹ̀ 0.5, páwà báǹkì 0.4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3.9. Gíráàmù 300 péré ló kù, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti ìgò omi òfìfo ti jẹ ẹ́ tán. Ìdí nìyí tí òṣùwọ̀n ìfàkọ́ kékeré, èyí tí ẹ ó fi gbé báàgì kọ́ láti mọ kílò rẹ̀, fi wúlò ju àpò onísípù méjì lọ, ọ̀kan ṣoṣo sì tó gbogbo ẹgbẹ́.

Ẹní pẹlẹbẹ ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Èyí tó dára nípọn tó mìlímítà 1.5, rọ́bà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ká bí aṣọ ìbora. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé tí ẹ ó sùn sí bóyá wọ́n ní ẹní. Bí wọ́n bá ní, èyí tó fẹ́lẹ́ yìí ni ẹ ó tẹ́ lé tiwọn lórí, ibi tó sì ti dára jù nìyẹn: ìmọ́tótó wà, orúnkún kò sì ní í ro yín. Lórí pákó tàbí sìmẹ́ǹtì lásán, mìlímítà 1.5 kò lè gba orúnkún sílẹ̀. Ẹ ká aṣọ ìnura sí mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀.

Ojú ẹní wọ̀nyí yàtọ̀ síra. Èyí tó múlọ́ bí àrán máa ń yọ̀ bó bá gbẹ, ó sì máa ń di ọwọ́ mú bó bá tutù, nítorí náà ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ibi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ó ń yọ̀ láìmọ èyí. Rọ́bà tòótọ́ máa ń rùn ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe sínú oòrùn, torí oòrùn máa ń mú kó sán. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba rọ́bà kò gbọdọ̀ rà á rárá.

Ọ̀tá kan tún wà tí àwọn òǹtajà kì í sọ: DEET. Oògùn tó ń lé ẹ̀fọn dáadáa ni, àmọ́ ó máa ń ba ike àti spandex jẹ́, spandex yìí ló sì wà nínú ṣòkòtò yógà tó ń nà. Picaridin, oògùn ẹ̀fọn mìíràn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni kí ẹ mú. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí kò ju mílílítà 100 lọ. Ìgò 200 tó dá sí ààbọ̀ kò wúlò níbi tí òfin mílílítà 100 fún ohun olómi nínú ẹrù ọwọ́ ṣì wà, torí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni wọ́n ń wò.

Páwà báǹkì, ọwọ́ ni ẹ ó gbé e sí, kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ ọkọ̀. 100 Wh (ìwọ̀n agbára iná tó wà nínú rẹ̀) ni ààlà tí kò nílò ìyọ̀ǹda: ẹ sọ iye mAh tí wọ́n kọ sára rẹ̀ di púpọ̀ ní 3.7, ẹ fi 1,000 pín in. 20,000 mAh jẹ́ 74 Wh, 30,000 jẹ́ 111. Bí kíkọ ara rẹ̀ bá ti pa rẹ́, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ kan, iyọ̀ àti ṣúgà oníṣáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ìgbẹ́ gbuuru, àti ohun ìyípadà ojú iná (adápítà) méjì ti tó ènìyàn mẹ́jọ. Oògùn tí dókítà kọ fún kálukú kò sí nínú àjọní yìí: inú páálí rẹ̀ ni kó wà, nínú báàgì ọwọ́ ẹni tó ni ín. Bí wọ́n bá ń béèrè káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ níbi tí ẹ ń lọ, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ẹ wo pásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù lórí ẹní. Kíláàsì ìkẹyìn sábà máa ń parí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń padà, ẹní á sì tutù. Bí ẹ bá ká a sínú àpò bẹ́ẹ̀, á ti bu kí ẹ tó délé. Ẹ fi aṣọ ìnura gbígbẹ tẹ́ ẹ lórí, ẹ ká méjèèjì pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó tú u. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn báàgì títí ẹ ó fi dé pápákọ̀, kí ẹ sì kó o wọlé kí wọ́n tó wọn ẹrù.