Àgbéyẹ̀wò: Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tún jẹnẹrétọ̀ mi tó ń jẹ ọ́ìlì ṣe

Ọjọ́ tí mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi padà sí ṣọ́ọ̀bù yìí nígbà kẹta ni mo pinnu pé mo gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì wò mí lójú, ó ní, "Ọ́ìlì ayédèrú lẹ ń rà, kò sí ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì yín." Ó dùn mí dé eegun, nítorí pé mo ti san owó piston tuntun (irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì), owó ríìngì tuntun (òrùka irin tó yí piston ká, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè) àti owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì fún un.

Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì náà ń gbà kò ju 0.6 lítà lọ, síbẹ̀ bí mo bá fi máa tàn án fún wákàtí 8, ọ́ìlì á ti lọ sílẹ̀ débi pé ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀. N kò rí ẹ̀kán ọ́ìlì kan lábẹ́ rẹ̀. Èéfín búlúù, àmì pé ọ́ìlì ń jóná, ló ń tú jáde, pàápàá bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kì í ṣe pé mo ń rọ ọ́ kún jù: orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni mo ti ń yẹ ọ́ìlì wò, mo máa ń nu gééjì, mo sì máa ń kì í bọ inú ihò láì lọ́ ọ, bí ìwé rẹ̀ ṣe wí.

Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀gá náà gbọ́ "èéfín búlúù", ó sì dájọ́ ríìngì lójú ẹsẹ̀. Lóòótọ́, ríìngì tó ti jẹ máa ń fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú á kọ́kọ́ wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (agbára tí piston fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀), á kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì, á sì tún un wọ̀n; bí ó bá gòkè gan-an, ríìngì ló ti jẹ. Kò ṣe é. Mo ní kí ó fi ríìngì àtijọ́ hàn mí, ó ní wọ́n ti dà á nù.

Bí a ṣe ń jiyàn nígbà kẹta yẹn ni ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n ṣí fítà afẹ́fẹ́ wò." Ọ́ìlì ń kán nínú fóòmù rẹ̀! Ó tẹ̀lé ọ̀pá rọ́bà kékeré tó jáde níbẹ̀ títí dé breather (ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí), ó tú u, ó sì fi fáàfù pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju èékánná lọ hàn mí, èyí tí ọ́ìlì jíjóná ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí piston bá ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti afẹ́fẹ́ inú ikùn ẹ́ńjìnnì, fáàfù yìí ló sì yẹ kí ó máa tú u jáde, kí ó sì padé kí òmíràn má bàa wọlé. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ náà ń ti ọ́ìlì gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì gòkè, ó sì ń gbé e gba káábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń dàpọ̀) lọ jóná. Ríìngì tuntun kò lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ó pààrọ̀ fáàfù àti gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ fóòmù, ó sì ti sọ fún mi ṣáájú pé èéfín á ṣì jáde díẹ̀ títí ọ́ìlì tó kù nínú sálẹ́ńsà á fi jó tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìjà.

Ọ̀gá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ lójú gbogbo ọmọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Àṣìṣe mi ni." Ó dá owó iṣẹ́ padà fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀. Owó piston àti ríìngì kò padà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá náà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà; sípánà ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fún nọ́ọ̀tì tó kù. Èyí ṣì ń dùn mí.

Mo ti tan ẹ́ńjìnnì náà fún wákàtí 40 báyìí, díẹ̀ ni ọ́ìlì sì fi dín. Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ẹ̀rọ ìgékoríko mi náà ti wà lọ́dọ̀ wọn, mo sì ti sọ pé ọmọbìnrin náà ni kí ó ṣí i.