Nokia 105 fún ìyá tó ń dá gbé ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀dà ọdún 2019 la yẹ̀ wò. Kò ní kámẹ́rà, kò ní WhatsApp. Ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 1.77 lọ, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 800 mAh, ó sì ṣeé yọ. Fún àgbà tí àwọn ọmọ ti wọ Kútọnu àti Èkó tán, bọ́tìnnì ló ṣe pàtàkì.

Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré jù fún ojú àgbà, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wá orúkọ. Ẹ fi nọ́ńbà sórí bọ́tìnnì 2 títí dé 9, kí ìyá tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi pè. (Bí bọ́tìnnì bá ti tì, kò ní pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣí i.) Ẹ kán kùtẹ́ẹ̀sì pupa sórí 2. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: àkọ́bí tó wà l'Ékòó ni wọ́n ń fi síbẹ̀, torí pé òun ni àgbà ọmọ. Ọ̀wọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìtọ́jú. Bí ìyá bá ṣubú ní balùwẹ̀, ta ló lè dé kí omi orí iná tó hó? Aládùúgbò ni. Kí àkọ́bí gba 3.

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti kúrò ní ẹyọ 8, ó di 10: 01 ló ń ṣáájú. Ẹni tó ń pè láti Èkó á fi +229 síwájú rẹ̀. Síìmù àtijọ́ ṣì lè gbé nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 8 pamọ́. Ìpè ò ní wọlé, ìyá á sì rò pé àwọn ọmọ ni kò fẹ́ gbé e.

Rédíò wà nínú rẹ̀, àmọ́ wáyà etí ni eríà rẹ̀. Ká má tan ara wa, àgbà wo ló ń fi wáyà sétí?

Ìdọ̀bálẹ̀ kì í hàn lórí fóònù. “Ẹ kúulé mà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ìyá á ní “a dúpẹ́,” ìpè tán. Ẹ béèrè ohun tí “a dúpẹ́” ò lè dáhùn: kí lẹ jẹ lánàá, ta ló bá yín pọnmi, orúnkún ọ̀tún ńkọ́?

A fọwọ́ sí fóònù náà. Àmọ́ bí ẹ bá wá aládùúgbò tí ẹ lè fi sórí 2 tí ẹ ò rí, ẹ jẹ́ kó ṣì wà nínú páálí. Ẹ wọ mọ́tò lọ sí Kétu ná.