Pen y Fan tàbí Ben Nevis nígbà yìnyín?

Bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ gun òkè oníyìnyín ní ọjọ́ kan ṣoṣo, Pen y Fan ní Wales ni mo fara mọ́. Mítà 886 ni gíga rẹ̀. Ẹ lè gùn ún láti Pont ar Daf, ibi tí ọ̀nà kan ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè náà, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ben Nevis ní Scotland ga tó mítà 1,345. Ó rẹwà gan-an, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, ojúmọ́ ibẹ̀ kò ju bíi wákàtí méje lọ. Lókè téńté, kùrukùru máa ń bo ọ̀nà, yìnyín a sì yọ kọjá etí ọ̀gbun: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè já sísàlẹ̀. Ẹ óò nílò àáké yìnyín àti irin eléyín lábẹ́ bàtà, kí ẹ sì mọ̀ wọ́n lò.

Etí Pen y Fan náà léwu níhà àríwá. Ẹ má sún mọ́ ọn o.