Aláwàdà tí ọkàn rẹ̀ dàrú: wọ́ọ̀dù ni ká yà á sí ni, àbí abúlé Àró?

Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù nípa aláwàdà tí ìrònú ti bò mọ́lẹ̀, ní Abẹ́òkúta níbí, lè gba ọ̀nà méjì.

Èkíní ló wọ́pọ̀: kí wọ́n tì í mọ́ wọ́ọ̀dù, kó máa dá rẹ́rìn-ín. Ó rọrùn láti yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń dá sílẹ̀, nílùú tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ Àró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà níbí, bú èèyàn.

Èkejì ni mo fara mọ́ pátápátá: kí aláwàdà náà gba ìtọ́jú láàárín àwọn ará abúlé. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, oníṣègùn àrùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí Àró ká. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá. Òun ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹ wo bí ìran ti pọ̀ tó níbẹ̀! Ìyá aláwàdà ń ro àmàlà láfún, onílé ń béèrè bóyá ó rí oorun sùn, àwọn ọmọdé ní kó pa àwọn lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí kò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù, ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kí ẹ yà fún wa.