Lọ́yà ọ̀fẹ́ fún ayálégbé ní New York: ó wúlò, àmọ́ ẹ má fi falẹ̀

Láti 2017 ni òfin ti ní kí ìlú New York máa fi owó ìlú gba lọ́yà fún ayálégbé tí owó tó ń wọlé fún un ò pọ̀, tí onílé bá pè é lẹ́jọ́ láti lé e jáde. Wọn kì í béèrè ìwé ìgbélùú. Ẹ pe 311, ẹ ní Tenant Helpline (ìlà ìrànlọ́wọ́ fún ayálégbé) lẹ ń wá. Bó bá jẹ́ gbèsè owó ilé, ọjọ́ 10 péré lẹ ní láti fèsì sí ìwé kóòtù. Ẹni tó bá gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n lè dá onílé láre lẹ́yìn rẹ̀. Àléébù ńlá: lọ́yà ò tó. Bí ẹ ò bá tíì rí tiyín, ẹ bẹ adájọ́ kó sún ẹjọ́ síwájú, ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan pẹ̀lú lọ́yà onílé. Àwọn lọ́yà yìí kì í san gbèsè báni o. One Shot Deal (owó ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ẹ̀ẹ̀kan) ni kẹ́ ẹ béèrè fún ìyẹn lọ́dọ̀ HRA, iléeṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ aráàlú ti ìlú náà.