Oṣù 14 pẹ̀lú fílítà tó ń fi afẹ́fẹ́ yọ irin kúrò nínú omi kànga

Omi kànga ilé wa mọ́ gaara tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Ojú ò lè rí àléébù kankan lára rẹ̀, ẹnu ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ó ń ta ahọ́n bí ìgbà téèyàn lá ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Bí mo bá fi po tíì, tíì á dúdú bí aró, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á sì bo ojú rẹ̀. Aṣọ funfun ò bá wa gbé rárá.

Kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ yìí, owó kan ti wọgbó. Mo ra fílítà eléèédú kékeré tí wọ́n ń gbé sábẹ́ síǹkì. Ẹni tó tà á fún mi búra pé omi á dùn bí omi òjò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń sọ fáwọn ará ilé pé, “Ẹ ò rí i pé ó ti yàtọ̀?” Wọ́n ń mi orí, kí n má baà bínú ni. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, irin ti padà sẹ́nu. Fílítà náà kì í ṣe ayédèrú o. Èédú mọ iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń gba kilorínì, ó ń gba òórùn, ṣùgbọ́n irin tó ti yòrò sínú omi á kàn gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ẹni tó tà á ò bi mí pé kí ló wà nínú omi mi. Èmi náà ò bi ara mi.

Ife kan ló là mí lójú. Mo bu omi sínú ife onígíláàsì lálẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì láìdé e. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi náà ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kúnná bí àtíkè sì ti silẹ̀ sí ìdí ife. Irin tó yòrò kì í hàn, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń di ìpẹtà. Mo gbé omi lọ fún àyẹ̀wò: irin 2.1 mílígíráàmù nínú lítà kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí kò bá tó 0.3, ahọ́n kì í sábà mọ̀ ọ́n. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á máa ba aṣọ tí a fọ̀ jẹ́. Tiwa jẹ́ ìlọ́po méje.

Ohun tí ife yẹn fi gbogbo òru ṣe, ẹ̀rọ yìí ń ṣe é kí omi tó dé ẹnu ẹ̀rọ omi inú ilé. Àgbá gíga tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ wà lórí, yanrìn tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà wà nísàlẹ̀. Omi á gba inú afẹ́fẹ́ já bọ́, irin á di ìpẹtà, yanrìn á gbá a mú. Lóru, ẹ̀rọ á darí omi láti ìsàlẹ̀ wá sókè, á fọ yanrìn, á da ìdọ̀tí nù, á tún fa afẹ́fẹ́ tuntun sínú. Kò sí oògùn tí à ń rà sí i. Àmọ́ tí omi yín bá kan, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn, torí irin kì í tètè dípẹtà nínú omi kíkan. Iye pH tiwa, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, jẹ́ 7.2, kò kan.

Púlọ́mbà kọ́kọ́ da kilorínì sínú kànga mọ́jú, nítorí nǹkan yíyọ̀ bí ikun tó wà nínú táǹkì omi tí a fi ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn kòkòrò tó ń fi irin ṣe oúnjẹ ló ń fà á. Lẹ́yìn tó to ẹ̀rọ tán, omi pupa ló ń jáde fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo bu ife kan mu. Kò dùn, kò korò, kò ta ahọ́n. Mo tún bu òmíràn.

Nínú oṣù kejì, irin tún yọjú. Inú bí mi. Mo ti fẹ́ kọ̀wé burúkú sí wọn kí n tó ṣí ìwé tó bá ẹ̀rọ wá, èyí tí n ò kà. Ó ní omi tí yóò fọ yanrìn gbọ́dọ̀ tó lítà 19 ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé garawa lítà 20 sábẹ́ páìpù, mo tẹjú mọ́ aago: ìṣẹ́jú méjì ló gbà kó tó kún. Ìdajì ohun tí ẹ̀rọ ń fẹ́ nìyẹn, yanrìn ò mọ́ rárá. Nígbà tí wọ́n gé páìpù irin àtijọ́ tó ti inú kànga wá, ìpẹtà ti dí i pa débi pé agbára káká ni pẹ́ńsùlù fi wọ inú rẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀. Garawa yẹn ń kún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 55 báyìí, irin ò sì padà wá mọ́. Nígbà tí mo tún gbé omi lọ fún àyẹ̀wò, irin ò tó 0.1.

Ẹ̀rọ yìí ò lè yọ iyọ̀, kò lè yọ náítíréètì (èròjà inú ajílẹ̀ tó máa ń jò wọ kànga), kò sì lè pa kòkòrò àrùn. Náítíréètì ò tiẹ̀ ní adùn tí ẹnu lè fi mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo ṣì ń gbé omi lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Fílítà eléèédú tí mo bú ti padà sábẹ́ síǹkì, ẹ̀yìn tí omi bá ti gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá ló tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ariwo ló gbé ìkarùn-ún lọ: ní aago méjì òru, á máa dún bí ẹni ń da omi sínú àgbá òfìfo, ajá wa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Mo ti sún un sí aago mẹ́rin. Ajá náà ti mọ̀.