Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti fi pacemaker (ẹ̀rọ kékeré tó ń mú ọkàn lù déédéé) sí àyà màmá mi

Dókítà obìnrin ibẹ̀ mọṣẹ́! Ọkàn màmá mi ń lù ní ìgbà 34 péré ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ń dákú. Ó tẹ́ bébà ECG (àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù) síwájú mi, ó fi bírò tọ́ka sí i: bí ọkàn bá falẹ̀ jù, iná mànàmáná inú rẹ̀ tó ń mú un lù máa ń pẹ́ kó tó padà sípò, ibẹ̀ sì ni ìlù òjijì ti ń já wọlé, tí ìsàlẹ̀ ọkàn á máa gbọ̀n rìrì, tí kò ní lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́. Ó yẹ potassium wọn wò pẹ̀lú, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó kan bí ọkàn ṣe ń lù. Ìgbà 80 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kọ́kọ́ to ẹ̀rọ náà sí, kí ọkàn má bàa ráyè falẹ̀. Ó wọ́n o, àmọ́ owó náà tọ́ sí wọn. Bẹ́ǹṣì wọn nìkan ló kù díẹ̀ káàtó: kò ní ìfẹ̀yìntì, bẹ́ẹ̀ àwọn tí òòyì ń kọ́ ló ń jókòó síbẹ̀.